Bí A Ṣe Ń Wọn Òṣùpá Láìgbé E Sórí Òṣùwọ̀n

Ní ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Anié ní ẹ̀kọ́ òòfà ilẹ̀, a kọ ìwọ̀n òṣùpá sójú pátákó: 7, kí a tó to òdo méjìlélógún tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ ní kìlógíráàmù. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní: «Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó gbé òṣùpá sórí òṣùwọ̀n?»

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè ọmọ náà dára ju ohun tí a kọ sójú pátákó lọ. Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn sọ iye náà fún wa, kò sọ ọ̀nà tí a gbà rí i. Èsì tí a fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà kò sì tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo ojú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí láti dá a lóhùn bí ó ti yẹ, àti láti fi hàn pé ìdáhùn náà kan omi inú kànga wa níbí.

Kamina kò jìnnà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè tiwa, kí ó gba ọ̀nà Atakpamé lọ, kí ó yà sí Kamina. Àwókù tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ rédíò tí àwọn ará Jámánì kọ́ nígbà tí wọ́n ń jọba lé Tógò lórí. Ní 1911 ni ilé iṣẹ́ Telefunken bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n ri àwọn òpó irin gíga mọ́lẹ̀, wọ́n fi okùn wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá síbẹ̀. Ní 1914, Kamina ń bá Nauen sọ̀rọ̀, ìlú kan lẹ́bàá Berlin, tí ó fi ohun tí ó lé ní 5,000 kìlómítà jìnnà sí wa. Kò sí wáyà kankan láàárín àwọn méjèèjì: ìgbì rédíò ni ó ń ré kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń súnmọ́ tòsí, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ohun gbogbo jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta parun ní òru ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń retí láti Kamina: àṣẹ, ìròyìn ọkọ̀ ojú omi, ìròyìn ogun. Ìgbì rédíò jẹ́ ìránṣẹ́ lójú wọn, iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ ni wọ́n fi etí sí. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ìránṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó tó la ẹnu, lè sọ ohun kan nípa ọ̀nà tí ó gbà wá. Ọgọ́ta ọdún kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ọmọ aráyé fi kọ́ bí a ti ń gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ohùn tí ń gòkè, ohùn tí ń sọ̀ kalẹ̀

Ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Nationale 1 tí ó la ìlú wa kọjá, kí ẹ wo ọkọ̀ àjàgbé tí ó ti Lomé bọ̀ tí ó ń lọ sí Sokodé. Bí awakọ̀ bá tẹ fèrè ọkọ̀ tí kò sì gbé ọwọ́ kúrò, ẹ ó gbọ́ pé ohùn fèrè náà ga bí ọkọ̀ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ní kété tí ó bá kọjá, ohùn náà lọ sílẹ̀. Awakọ̀ kò pààrọ̀ fèrè. Ẹni tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀ ń gbọ́ ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìrìn ọkọ̀ ni ó yí ohùn padà sí àwa létí. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, àwọn ìgbì ohùn ń fún mọ́ ara wọn, wọ́n ń yára dé etí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń lọ, wọ́n ń jìnnà sí ara wọn. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣe àlàyé yìí ní 1842. Hippolyte Fizeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì ṣe irú rẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ ní 1848. Nítorí náà ni àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe ń pè é ní effet Doppler-Fizeau.

Àwa tí a ń sọ èdè yìí kò yẹ kí a ka ìmọ̀ náà sí àjèjì. Gíga àti ìlọsílẹ̀ ohùn nìkan ni a fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, tí a sì ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ ìwé mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Onílù gángan fún ọ̀sán ìlù mọ́ abíyá, ohùn gòkè; ó dẹ ọwọ́, ohùn sọ̀ kalẹ̀; ẹni tí ó gbédè ìlù sì mọ ohun tí ó wí. Etí wa ti kọ́ láti kékeré pé ìyípadà ohùn kì í ṣe lásán. Ohun tí àwọn onímọ̀ sánmà ń ṣe kò yàtọ̀ sí èyí: wọ́n ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ kan tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn réré, wọ́n sì ń bi ara wọn pé, kí ni ó mú kí ohùn rẹ̀ yí padà?

Òòfà ni. Gbogbo ohun tí ó bá ní ìwúwo ni ó ń fa ohun mìíràn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń yí òṣùpá po kò tan ẹ̀rọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣe ni ó ń já bọ́ láìdáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ilẹ̀ bà lé. Bí ó bá wà ní 100 kìlómítà sí ojú òṣùpá, ó ní láti sáré bíi 1.6 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ayé wa wúwo ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po 81. Nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ yí ayé po nítòsí ní láti sá ju kìlómítà 7.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó má baà já lulẹ̀. Ìdáhùn wa sí ọmọbìnrin náà nìyí: a kò gbé òṣùpá sórí òṣùwọ̀n. A rán nǹkan lọ yí i po, a wo bí ó ti ń sáré tó, eré náà ni ó sì sọ ìwúwo òṣùpá fún wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí ibì kan bá wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ó wúwo ju àyíká rẹ̀ lọ, ọkọ̀ yóò yára díẹ̀ bí ó ti ń súnmọ́ ibẹ̀, yóò sì rọra díẹ̀ bí ó ti ń fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibùdó kan ní ayé a rán ìgbì rédíò sí ọkọ̀, ọkọ̀ a dá a padà, wọn a sì ka iye ìgbà tí èyí tí ó padà wá ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn a fi wé èyí tí wọ́n rán. Wọn a yọ ti yíyí ayé kúrò, wọn a yọ ti oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ kúrò. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Láti Sputnik dé Èkó

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1957, ilẹ̀ Soviet rán Sputnik lọ sí òkè. Ohun tí ó ń fọ̀ kò ju ìró kúkúrú kan náà lọ, léraléra. Ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Johns Hopkins, William Guier àti George Weiffenbach fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ohùn náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí sátẹ́láìtì náà ti ń ré kọjá, gẹ́gẹ́ bí fèrè ọkọ̀ àjàgbé wa. Láti inú ìsọ̀kalẹ̀ ohùn yẹn nìkan ni wọ́n fi mọ ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ní 1959, John O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìgbì rédíò Vanguard 1, tí ó gòkè ní oṣù kẹta 1958, láti fi hàn pé ayé kò rí roboto bí a ti rò. Ó rí bí èso tí àwọn Faransé ń pè ní poire. Àwa ì bá fi í wé ìbẹ́pẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú lè rí i: mítà díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà lára ayé tí ó fẹ̀ tó 12,700 kìlómítà láti igun kan dé èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù keje 1963, Amẹ́ríkà rán Syncom 2 lọ sí òkè tí ó tó 36,000 kìlómítà, níbi tí sátẹ́láìtì ti ń yí po ní ìwọ̀n ìgbà kan náà tí ayé fi ń yí. Ọkọ̀ ojú omi Kingsport, tí ó gbé eriali ńlá sẹ́yìn, wá gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti máa bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, Ààrẹ John Kennedy wà ní Washington, olórí ìjọba Nàìjíríà, Abubakar Tafawa Balewa, wà ní Èkó, àwọn méjèèjì sì fi sátẹ́láìtì náà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín olórí ìjọba méjì. Àwọn ìwé ìtàn kò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi Syncom 2 sí òkè apá Brazil, kí ó dúró síbẹ̀; kò dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìgbì tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín rẹ̀ àti àwọn ibùdó ilẹ̀ ni ó sọ ibi tí ó dé. Carl Wagner, onímọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ NASA, yẹ ìrìn náà wò, ó sì rí ìdí rẹ̀: ìlà agbedeméjì ayé pàápàá kò rí roboto. Ó gùn ní ìhà kan ju èkejì lọ. Lónìí a mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà tó bíi 70 mítà ní ìwọ̀n àárín ayé sí etí rẹ̀, àti pé ìhà gígùn náà kọjú sí ìlà tí ó gba Senegal kọjá, ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa. Ìyọ síta yẹn ń fa sátẹ́láìtì náà síwájú, ó ń gbé e gòkè díẹ̀ sí i, ọ̀nà rẹ̀ ń gùn, ó sì ń pẹ́ lẹ́yìn ayé.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí. Nítorí kí ènìyàn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe rán Syncom lọ, olórí méjì sì fi kí ara wọn. Ìkíni náà parí ní ọjọ́ kan. Ìmọ̀ tí ó bá a wá láìpè é wà títí di òní: gbogbo sátẹ́láìtì tí ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí ilé wa láti irú òkè bẹ́ẹ̀ ni a ní láti máa tì padà sí àyè rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí ìyọ síta náà.

Ìwúwo tí ó pamọ́

Òṣùpá náà ní àṣírí tirẹ̀. Láàárín 1966 àti 1967, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Lunar Orbiter márùn-ún lọ láti ya àwòrán ibi tí ènìyàn lè bà lé. Paul Muller àti William Sjogren yẹ ohùn rédíò wọn wò, ní 1968 wọ́n sì kéde pé ọkọ̀ náà ń fò síwájú díẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá dé òkè àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú ńláńlá kan, àwọn àbàwọ́n tí a ń rí lójú òṣùpá láti àgbàlá wa. Ẹni tí ó bá wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà yóò rò pé kòtò ni, pé kò yẹ kí ó wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà láéláé ni àpáta ńlá láti ojú sánmà kọlu ibẹ̀. Àpáta tí ó nípọn láti ìsàlẹ̀ yọ gòkè, àpáta yíyọ́ gbígbóná sì ṣàn bo ojú rẹ̀, ó dì. Ìwúwo ṣù jọ síbẹ̀ lábẹ́ ohun tí ó dà bí òfìfo.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ. Ní oṣù kẹrin 1972, àwọn tí ó wà nínú Apollo 16 fi sátẹ́láìtì kékeré kan sílẹ̀ kí ó máa yí òṣùpá po. Àwọn ìwúwo tí ó pamọ́ wọ̀nyí ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi já lu ojú òṣùpá lẹ́yìn ọjọ́ 35 péré. Ẹni tí kò mọ ìwúwo ilẹ̀ tí ó ń fò kọjá kò lè ní ìdánilójú ibi tí yóò bà lé.

Ìṣòro kan kù. Òṣùpá kì í kọ ẹ̀yìn sí wa. Ojú kan náà ni a ń rí. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Báwo ni a ó ṣe wọn ibi tí a kò lè gbọ́ ohùn láti ibẹ̀? Wọ́n rán ọkọ̀ méjì lọ ní oṣù kẹsàn-án 2011, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, tí àwọn méjèèjì ń fi rédíò wọn àlàfo àárín ara wọn. Bí ti iwájú bá dé ibi tí ó wúwo, ó sáré, àlàfo fẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá dé ibẹ̀, òun náà sáré, àlàfo dín. Ebb àti Flow ni orúkọ wọn; àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Montana ni ó mú orúkọ náà wá. Ní oṣù kejìlá 2012, nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọlu òṣùpá.

Ọ̀nà kan náà ni ó ṣiṣẹ́ ní ibi tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Enceladus jẹ́ òṣùpá kékeré kan tí ó ń yí Sátọ̀n po, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi 500 kìlómítà lọ, yìnyín ni ó bo gbogbo ojú rẹ̀. Láàárín 2010 àti 2012, ọkọ̀ Cassini kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí òòfà rẹ̀ nìkan. Àwọn onímọ̀ tí Luciano Iess ti Róòmù ṣáájú fún lè dá ìyàtọ̀ eré mọ̀ tí kò ju 0.09 mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìgbín inú oko wa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà sì wà ní ibi tí ìgbì rédíò ń lo wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ ìhà gúúsù Enceladus lọ sínú bí kòtò, síbẹ̀ òòfà ibẹ̀ kò dín tó bí kòtò náà ti jìn tó. Nítorí náà ohun kan tí ó nípọn ju yìnyín lọ ní láti wà nísàlẹ̀ láti dí àléébù náà. Omi ni ó nípọn ju yìnyín lọ. Ní 2014, wọ́n kéde pé òkun kan wà lábẹ́ yìnyín tí ó ki tó 30 sí 40 kìlómítà. Kò sí ẹni tí ó rí òkun náà. Ìyípadà ohùn ni a fi mọ̀ ọ́n.

Omi wa náà ń wúwo

Bí ó bá ṣeé ṣe láti mọ omi tí ó pamọ́ lábẹ́ yìnyín Enceladus, ṣé a kò lè mọ ti abẹ́ ẹsẹ̀ wa? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2002, Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ rán ọkọ̀ méjì tí a ń pè ní GRACE lọ sí òkè. Ọ̀kan ń lé èkejì ní ìwọ̀n 220 kìlómítà yí ayé wa po, rédíò sì ń wọn àlàfo àárín wọn débi pé ìyàtọ̀ tí ó kéré ju ìnípọn irun orí lọ kò fara sin. Iṣẹ́ wọn parí ní 2017. Ní oṣù karùn-ún 2018, àwọn méjì mìíràn gba ipò wọn. Ilé iṣẹ́ Jámánì tí ó ń bójú tó o wà ní Potsdam, ìlú tí kò jìnnà sí Nauen tí Kamina ń bá sọ̀rọ̀ ní 1914. Nígbà yẹn wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Lónìí wọ́n ń gbọ́ ìwúwo ilẹ̀ wa.

Kí ni ó ń yí ìwúwo ilẹ̀ padà láti oṣù dé oṣù? Òkè kì í sún kúrò ní àyè rẹ̀. Omi ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀ láti oṣù kẹfà lọ, tí ilẹ̀ mu àmuyó, tí adágún Volta tí ìsédò Akosombo fà ní Gánà kún, apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wúwo sí i, àwọn ọkọ̀ méjèèjì sì ń mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti ń ré kọjá. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó ń fúyẹ́. Ohun tí ó tún ṣe iyebíye jù ni pé òòfà kò mọ̀ bóyá omi wà lójú odò tàbí ó wà ní abẹ́ ilẹ̀. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Omi kànga tí kò sí ojú tí ó ń wò ó ń wọ inú ìṣirò náà. Ọ̀fẹ́ sì ni ìṣirò wọ̀nyí wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ̀: ibi tí wọ́n lè wò lẹ́ẹ̀kan náà tó bíi 300 kìlómítà ní fífẹ̀. Tógò tiwa kò fẹ̀ ju 50 sí 150 kìlómítà lọ. Odò Anié, odò Mono tí ó gbà á sínú, omi ìsédò Nangbéto tí ó ń fún àwa àti Benin ní iná láti 1987, etí adágún Volta ní ìwọ̀-oòrùn, odò Ouémé ní ìlà-oòrùn: ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú ọkọ̀ náà. Ó lè sọ pé omi dín ní agbègbè yìí. Kò lè sọ pé ti ta ni ó dín. Láti pín ẹrù náà, onímọ̀ ní láti mọ iye òjò tí ó rọ̀ sí ibì kọ̀ọ̀kan, bí odò ti ga tó, àti ibi tí omi wà nínú kànga. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kì í ti ojú sánmà wá. Ọwọ́ ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ náà ni ó ti ń wá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí kànga bá gbẹ ní oṣù kẹta, olúkúlùkù ní àlàyé tirẹ̀: ọ̀kan ní òjò kò tó, òmíràn ní àwọn tí ó gbẹ́ kànga jíjìn ni ó fa omi tán, ìjà a sì dé láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń pọnmi. Bí a kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò borí. Lọ́jọ́ tí àwọn onímọ̀ bá sì kọ̀wé nípa omi agbègbè wa, nọ́ńbà tí wọ́n ní nípa ibòmíràn ni wọn yóò fi ṣe ìdájọ́ tiwa, nítorí àwa kò fún wọn ní ti ara wa.

Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, àwa àti àwọn ọmọ wá okùn gígùn kan, a so kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, a so òkúta kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí àwọn obìnrin tó dé láti pọnmi, a ń sọ okùn náà sínú kànga, a ń ka kókó tí ó gbẹ, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti bóyá òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò ná wa ní ohun tí ó ju owó okùn lọ. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ gbogbo wọn. Àwọn kan ti rẹ̀. Oṣù díẹ̀ kò tó láti fi sọ ohunkóhun. Ọdún púpọ̀ ni yóò gbà kí ìwé náà tó wúlò, àwọn ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ náà tó dé. A sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi pamọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Atakpamé, ní Glei, ní Kamina fúnra rẹ̀, àti ẹ̀yin ará wa ní apá Benin, bí kànga bá wà ní ilé yín, ẹ bá wa ṣe irú rẹ̀. Ẹ fi iye tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Ojú ìwé wa yóò máa tẹ̀ wọ́n jáde. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ẹni tí ó gbé òṣùpá sórí òṣùwọ̀n ni ó ń tọ́jú ìwé kànga wa báyìí. Ó ti tún béèrè ìbéèrè mìíràn: bí a ó bá ṣe mọ̀ pé okùn náà kò tíì na. A ti ń wá ìdáhùn.